Kí Ló Kan Ará Ìjẹ̀bú Nínú Góòlù Ìjẹ̀ṣà?

Ọ̀rọ̀ ti ọ̀sẹ̀ yìí kò gùn lẹ́nu, ṣùgbọ́n ó jìn nínú. Ẹ fi ara balẹ̀ bá mi kà á dé òpin.

Lọ́jọ́ ọjà tó kọjá, mo lọ ra ẹja lọ́wọ́ ìyá ẹlẹ́ja kan tí a jọ wà ní àdúgbò ní Odògbólú níbí. Láti ìgbà ọmọge rẹ̀ ni ìyá yìí ti ń ná ọjà Ẹ̀pẹ́, kò sì sí irú ẹja tí kò mọ orúkọ rẹ̀. Bí ó ti ń ṣa ẹja fún mi, rédíò kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ igbá rẹ̀ ń sọ̀rọ̀ odò Ọ̀ṣun, pé àwọn tí ń wa góòlù ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà ti ba omi rẹ̀ jẹ́. Ìyá pòṣé. Ó ní:

"Bàbá Tíṣà, Ìjẹ̀ṣà ló ní góòlù, Òṣogbo ló ní Ọ̀ṣun. Kí ló wá kan àwa ará Ìjẹ̀bú níbẹ̀?"

Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní: "Ìyá, ẹja tí ẹ ń ta yìí, níbo ló ti wá?"

Ó ní: "Ẹ̀pẹ́ ni. Àbí níbo ni mo tún ń lọ?"

Mo ní: "Omi Ẹ̀pẹ́ ńkọ́? Níbo ni òun náà ti wá?"

Ìyá dákẹ́. Ó wò mí títí, ó ní: "Ẹ ti tún fẹ́ sọ mí di ọmọ iléèwé." Mo sanwó ẹja, mo sì ṣe ìlérí fún un pé ìdáhùn mi yóò jáde nínú ìwé ìròyìn. Òun nìyí.

ỌNÀ TÍ ODÒ NÁÀ Ń GBÀ

Ẹ jẹ́ kí n tò ó fún yín bí mo ti máa ń tò ó fún àwọn ọmọ nígbà tí mo ṣì ń di ṣọ́ọ̀kì mú. Ìgèdè-Èkìtì ni odò Ọ̀ṣun ti ṣẹ̀. Láti ibẹ̀ ó wọ ìpínlẹ̀ tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀, àwọn odò kéékèèké sì ń ṣàn bọ̀ wá bá a láti ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà bí ọmọ tó rí ìyá rẹ̀ lọ́nà ọjà. Ó dé Òṣogbo, ó gba inú igbó olókìkí nì kọjá, igbó tí àjọ UNESCO kọ orúkọ rẹ̀ mọ́ àwọn ohun ìní gbogbo ayé ní 2005. Ó kọjá Ẹdẹ. Ó dé Aṣéjìrẹ́, níbi tí ìjọba ti sé e mọ́ ní ohun tó lé ní àádọ́ta ọdún sẹ́yìn, kí àwọn ará Ìbàdàn lè rí omi mu. Nígbà tó kúrò níbẹ̀, ó kọrí sí gúsù, ó wọ ilẹ̀ Ìjẹ̀bú, ó gba ìhà Apoje nítòsí Ìjẹ̀bú-Igbó, ó ń wọ́ lọ bẹ́ẹ̀ títí ó fi tú sínú ọ̀sà Lẹ́kí, lápá ibi tí Ẹ̀pẹ́ wà.

Ẹ rí i báyìí pé odò kan náà ni. Ohun tí ará òkè bá dà sí i, ará ìsàlẹ̀ ni yóò bá a pàdé. Èmi kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni má ra ẹja Ẹ̀pẹ́ mọ́ o! Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹ tèmi tán ni. Ohun tí mo ń sọ ni pé odò kò mọ ààlà ìpínlẹ̀, kò sì mọ ẹni tó jẹ́ Ìjẹ̀ṣà tàbí Ìjẹ̀bú. Àwọn àgbà ti sọ ọ́ fún wa pé bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, bí a kò bá sọ fún un, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ kò ní jẹ́ kí a sùn lóru.

OHUN TÓ ṢẸLẸ̀ LÓKÈ ODÒ

Pé góòlù wà ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà kì í ṣe ọ̀rọ̀ tuntun. Láti ayé ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ti ń wà á ní agbègbè Iléṣà. Ṣùgbọ́n láàrin nǹkan bí ọdún mẹ́wàá yìí, bí owó góòlù ti ń ga sí i, àwọn awakùsà ya wọ inú oko àti igbó láti ibi gbogbo. Àwọn kan ní ìwé àṣẹ. Ọ̀pọ̀ kò ní.

Púpọ̀ nínú góòlù tí wọ́n ń wá wà nínú yanrìn àti amọ̀ etí odò. Nítorí náà ni wọ́n ṣe ń gbẹ́ etí odò. Wọ́n á fi ẹ̀rọ fa omi, wọ́n á fi fọ ilẹ̀ tí wọ́n gbẹ́. Góòlù wúwo, yóò rọ̀ sísàlẹ̀. Ẹrẹ̀ tó kù yóò padà sínú odò. Bí ẹgbẹ̀rún ènìyàn bá ń ṣe bẹ́ẹ̀ lójoojúmọ́, kí ni odò fẹ́ ṣe? Nígbà tó fi di 2021 àti 2022, omi Ọ̀ṣun ní Òṣogbo, tí àwọn ènìyàn mọ̀ sí omi tó tòrò, ti pọ́n bí omi tí wọ́n fi fọ ọkọ́ tó ti oko amọ̀ dé.

Ẹgbẹ́ kan tí ń jẹ́ Urban Alert, ní Òṣogbo níbẹ̀, bu omi náà lọ fún àyẹ̀wò. Wọ́n padà wá sọ fún aráyé pé òjé àti mẹ́kúrì wà nínú rẹ̀ ju ìwọ̀n tó yẹ lọ. Nígbà tí ọdún Ọ̀ṣun sì kò ní oṣù kẹjọ 2022, ìjọba ìpínlẹ̀ fúnra rẹ̀ kìlọ̀ fún àwọn tó wá síbi ọdún pé kí wọ́n má mu omi odò náà. Ẹ wò ó! Omi tí àwọn ènìyàn ti òkè òkun wọ ọkọ̀ òfurufú wá bù mu fún ọmọ àti àlàáfíà, òun ni ìjọba ń bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n má fi kan ẹnu.

Mo mọ̀ pé ẹlòmíràn nínú ẹ̀yin òǹkàwé mi jẹ́ Kìrìsìtẹ́nì, ẹlòmíràn sì jẹ́ Mùsùlùmí, tí ọ̀rọ̀ ọdún odò kò kàn án. Kò burú. Ṣùgbọ́n òjé kì í bi ènìyàn léèrè ẹ̀sìn tó ń ṣe kó tó wọ inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀.

IṢẸ́ TÍ MAJÈLÉ YÌÍ Ń ṢE

Ẹ̀yin ìyá tí ọjọ́ orí yín ti tó tèmi, ẹ ó rántí tẹ̀mómítà tí àwọn nọ́ọ̀sì máa ń fi sí wa lábẹ́ ahọ́n. Nǹkan tó ń dán bíi fàdákà tó wà nínú rẹ̀ ni mẹ́kúrì. Bí awakùsà bá da mẹ́kúrì sórí yanrìn góòlù, yóò so góòlù kéékèèké pọ̀ mọ́ ara wọn. Lẹ́yìn náà wọ́n á fi iná sí i, mẹ́kúrì yóò fò lọ bí èéfín, góòlù nìkan yóò kù. Ẹni tó fa èéfín yẹn símú ni yóò kọ́kọ́ jìyà. Èyí tó bá sì bọ́ sínú omi, àwọn ohun abẹ̀mí tíntìntín tó wà nínú ẹrẹ̀ yóò sọ ọ́ di oríṣi mìíràn tó burú ju ti àkọ́kọ́. Ẹja kékeré á jẹ ẹ́, ẹja ńlá á gbé ẹja kékeré mì, ènìyàn á ra ẹja ńlá. Ní gbogbo ìrìn yẹn, majèlé náà kì í dín kù, ńṣe ni ó ń pọ̀ sí i.

Àlá kọ́ ni mo ń rọ́. Ìlú kan wà létí òkun ní Japan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Minamata. Ilé-iṣẹ́ kan da omi tó ní mẹ́kúrì sínú òkun níbẹ̀ láti 1932 títí di 1968. Àwọn ológbò ìlú náà bẹ̀rẹ̀ sí í ta gìẹ́gìẹ́, wọ́n ń jó ijó tí ẹnikẹ́ni kò lù fún wọn, nítorí pé ẹja ni oúnjẹ wọn. Àwọn ènìyàn tẹ̀ lé e: ọwọ́ ń gbọ̀n, ojú ń ṣú, ọ̀rọ̀ kò já geere lẹ́nu mọ́. Àwọn aboyún tí ara wọn dá ṣáṣá bí ọmọ tí ọpọlọ rẹ̀ ti bàjẹ́ láti inú oyún. Ọdún 1956 ni àwọn dókítà ṣẹ̀ṣẹ̀ kéde àìsàn náà. Orúkọ ìlú yẹn náà ni àwọn orílẹ̀-èdè fi sọ àdéhùn tí wọ́n ṣe lórí mẹ́kúrì ní 2013, Nàìjíríà sì wà nínú rẹ̀.

Bí Japan bá jìnnà jù, ẹ jẹ́ kí a lọ sí Zamfara. Ní 2010, ní àwọn abúlé bíi Dareta àti Yargalma, ó lé ní 400 ọmọdé tí òjé pa láàrin oṣù díẹ̀. Kí ló fà á? Àwọn bàbá gbé òkúta tó ní góòlù wálé, wọ́n ń lọ̀ ọ́ ní àgbàlá, òjé sì wà nínú òkúta náà. Eruku rẹ̀ bà sórí ẹní, sórí ilẹ̀, sórí ọwọ́ àwọn ọmọ tí ń rá. Kò sí bàbá kan níbẹ̀ tó fẹ́ pa ọmọ rẹ̀. Owó iléèwé àti oúnjẹ ni wọ́n ń wá.

SÍSÈ KÌ Í PA ÒJÉ

Ẹ jẹ́ kí n fi ìmọ̀ràn kan há a láàrin níhìn-ín, nítorí pé mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu ọ̀pọ̀ ènìyàn pé, "Bí omi bá dọ̀tí, ká sáà sè é." Sísè dára, ẹ má ṣe fi í sílẹ̀. Ó ń pa kòkòrò tó ń fa ìgbẹ́ gbuuru àti onígbáméjì. Ṣùgbọ́n òjé àti mẹ́kúrì kì í ṣe kòkòrò. Wọn kò ní ẹ̀mí tí iná lè gbà. Bí omi òjé bá hó títí tó fi fà, òjé tó wà nínú ìyókù rẹ̀ yóò túbọ̀ ki ni. Álọ́ọ̀mù náà ń mú kí ẹrẹ̀ rọ̀ sísàlẹ̀ kí omi sì mọ́ lójú, ṣùgbọ́n omi tó mọ́ lójú lè má mọ́ nínú. Ìdí nìyí tí ó fi ṣe pàtàkì pé kí a má jẹ́ kí ó wọ odò rárá. Ẹ má fi omi odò tí wọ́n ti ń wa kùsà po oúnjẹ ọmọ ọwọ́, ẹ má sì fún aboyún mu.

Ṣé ẹ ń sọ pé ilé-iṣẹ́ omi yóò bá wa fọ̀ ọ́? Ẹ wo Ghana, níbi tí wọ́n ń pe irú iṣẹ́ yìí ní galamsey. Ní oṣù kẹjọ 2024, ilé-iṣẹ́ omi wọn kígbe pé odò Pra, tí Cape Coast ń mu níbẹ̀, ti ki jù fún ẹ̀rọ. Ẹ̀rọ tí wọ́n ṣe láti fọ omi tí ìdọ̀tí rẹ̀ kò ju 2,000 lọ lórí òṣùwọ̀n, omi tó tó 14,000 ni wọ́n ń gbé síwájú rẹ̀. Ìlú ńlá ń wo odò, kò sì rí omi mu. Ẹ rántí Aṣéjìrẹ́, kí ẹ sì rántí àwọn ará Ìbàdàn.

TA LÓ NI ẸJỌ́ YÌÍ?

Níbi yìí ni ọ̀rọ̀ ti di ẹran tí ogún ènìyàn jọ ń sìn, tí ebi sì ń pa. Òfin ilẹ̀ wa ti 1999 fi gbogbo kùsà abẹ́ ilẹ̀ sí ọwọ́ ìjọba àpapọ̀. Gómìnà kò lè fún ẹnikẹ́ni ní ìwé àṣẹ ìwakùsà, kò sì lè gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Nítorí náà bí a bá ké sí ìpínlẹ̀, wọ́n á ní Àbújá ni. Bí a bá ké sí Àbújá, wọ́n á ní àwọn tí ń bẹ nínú igbó kì í ṣe ẹni tí àwọn fún ní ìwé. Bí a bá bi àwọn ará abúlé, wọ́n á ní ẹni tó ni ilẹ̀ ti gbowó.

Síbẹ̀ òfin wà. Òfin ìwakùsà ti 2007 sọ pé ìwé àṣẹ kò gba ẹnikẹ́ni láyè láti wa kùsà ní ibi tí ìlú tàbí abúlé tàbí ọjà wà, ní ibi ìsìnkú tàbí ojúbọ àwọn baba ńlá, tàbí ní ibi tí kò tó mítà 50 sí ìsédò àti ibi tí a ń tọ́jú omi sí. Ó tún sọ pé kí ilé-iṣẹ́ tó bá fẹ́ wa kùsà bá àwọn ará ìlú ṣe àdéhùn kó tó bẹ̀rẹ̀. Ní 2024, ìjọba àpapọ̀ dá ẹ̀ṣọ́ kan sílẹ̀ láàrin àwọn Sífú Dìfẹ́ǹsì láti máa lé àwọn tí ń wa kùsà láìgbàṣẹ. Èyí dára. Ṣùgbọ́n ẹ̀ṣọ́ kò lè wà lẹ́bàá gbogbo odò. Ẹni tí odò gba ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ kọjá ni ẹ̀ṣọ́ àkọ́kọ́.

Mo sì fẹ́ kí a sọ òtítọ́ fún ara wa. Àwọn ọ̀dọ́ tí ń gbẹ́ ilẹ̀ yẹn, ọmọ ènìyàn ni wọ́n. Ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Bí a bá kàn ń fi kùmọ̀ lé wọn, òru ni wọ́n á máa wá. Ọ̀nà wà tí a lè gbà wa góòlù láìpa odò: kí wọ́n jìnnà sí etí omi; kí wọ́n gbẹ́ kòtò tí omi ẹrẹ̀ yóò ti silẹ̀ kó tó jáde, kí wọ́n sì tún omi náà lò; kí wọ́n lo ìkòkò onídérí tí ń mú èéfín mẹ́kúrì padà, tàbí kí wọ́n pa mẹ́kúrì tì pátápátá; kí wọ́n dí kòtò tí wọ́n bá ti lò tán. Kí ìjọba kó wọn jọ sí ẹgbẹ́, kí ó fún wọn ní ìwé, kí ó kọ́ wọn. Ẹni tí a mọ orúkọ rẹ̀ ni a lè mú sí òfin.

TI ILÉ WA ŃKỌ́?

Kí a má ṣe máa nawọ́ sí Ìjẹ̀ṣà nìkan. Nígbà tí mo wà ní ọmọdé, odò kan wà tí a máa ń pọn kí a tó lọ sí iléèwé ní òwúrọ̀. Omi rẹ̀ tutù bí ẹni pé inú àmù ni ó ti wá. Àwọn tí ń wa yanrìn dé ibẹ̀, típà ń wọlé, típà ń jáde. A rí owó díẹ̀, a rí búlọ́ọ̀kù kọ́lé. Lónìí, kòtò tí ẹ̀fọn ń yé sí ni ó kù níbẹ̀, àwa tí a sì gbà pé kí wọ́n gbẹ́ ẹ ń ra omi inú ọ̀rá mu. N kò dá ẹnìkan lẹ́bi. Èmi náà wà níbi ìpàdé ọjọ́ náà, n kò sì la ẹnu mi.

Ọ̀nà sì ń bọ̀ níwájú. Ọ̀dà bítúmẹ̀nì wà nínú ilẹ̀ láti apá Ìjẹ̀bú yìí, ó gba ilẹ̀ Oǹdó kọjá lọ títí dé Ẹdó. Láti 1908 ni àwọn òyìnbó ti gbẹ́ ilẹ̀ wò lápá Araromi nítorí rẹ̀. Lọ́jọ́ kan, wọn yóò padà wá fún un ní tòótọ́. Àwa náà la sì ní igbó Omo ní Ìjẹ̀bú Ìlà-oòrùn, tí ìjọba ti fi sí ìpamọ́ láti 1925, tí erin ṣì ń rìn nínú rẹ̀ di òní. Igbó bẹ́ẹ̀ ni ó ń mu òjò, tí ó ń tú u sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ fún odò. Igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó. Ohun tí a bá kọ́ lára Ọ̀ṣun ni yóò gbà wá lọ́jọ́ ti ọ̀dà.

OHUN TÍ A LÈ ṢE

Ẹ̀yin olùkọ́, mo ní iṣẹ́ kan fún yín tí kò gba owó. Ẹ wá ìgò funfun. Ní ọjọ́ kìíní oṣù, ẹ mú àwọn ọmọ lọ sí odò tó súnmọ́ iléèwé yín, kí wọ́n bu omi sínú ìgò, kí wọ́n kọ ọjọ́ sí i lára, kí wọ́n tò ó sórí pẹpẹ ní kíláàsì. Ní òpin ọdún ẹ ó ní ìgò 12. Bí omi bá ń yí àwọ̀ padà, ọmọ ọdún mẹ́wàá yóò rí i, kò sì sí òṣìṣẹ́ ìjọba tó lè sọ pé irọ́ ni.

Ẹ̀yin oníṣòwò, ẹ ní ẹgbẹ́, ẹ ní ìyálọ́jà, ẹ ní ohùn tí kánsẹ́lọ̀ ń bẹ̀rù nígbà ìbò. Ẹ bi wọ́n léèrè ohun tí wọ́n ń ṣe nípa omi. Ẹ̀yin tí ẹ ń ra góòlù, ẹ bèèrè ibi tó ti wá.

Ẹ̀yin baálé àti olórí ẹbí tí ẹ ní ilẹ̀, bí ẹnikẹ́ni bá mú ìwé wá pé kí ẹ tẹ̀ka, ẹ pe ọmọ yín tó mọ̀wé kó kà á sókè kí gbogbo ẹbí gbọ́. Owó tí a gbà ní kọ̀rọ̀ fún ilẹ̀ odò kì í pẹ́ kó tó tán. Kòtò rẹ̀ kì í tán.

Mo mú ìwé yìí lọ ka fún ìyá ẹlẹ́ja kí n tó fi ránṣẹ́ sí olóòtú. Ó gbọ́ ọ dé òpin, ó ń gbọn omi ìwẹ́ja kúrò lọ́wọ́. Ó ní: "Bàbá Tíṣà, bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, àwa ará Ìjẹ̀bú ló yẹ ká kọ́kọ́ pariwo, nítorí pé àwa ni omi ń bọ̀ wá bá." Lẹ́yìn náà ó ní òun yóò sọ ọ́ ní ìpàdé ẹgbẹ́ wọn. Ó mú ẹja kékeré mẹ́ta, ó fi lé mi lọ́wọ́, ó ní èyí ni owó iléèwé òun.

Odò tó bá gbàgbé orísun rẹ̀, gbígbẹ ní í gbẹ. Ẹ jẹ́ kí a rántí orísun tiwa.

Ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ o.

Èmi ni tiyín,
Bàbá Tíṣà, Odògbólú